Abẹ́rẹ́ Lára Eku

Ẹ wo ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ náà. Kò gbé e sókè rárá; ó fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì, ìka nìkan ló ń jó. Ojú rẹ̀ wà nínú máíkírósíkóòpù. Orúnkún eku kan ló fẹ́ fi sára òmíràn. Òwú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ dáadáa, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń rán kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà kan lọ. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mú fún inú iṣan náà mọ́ra, torí ibi tó bá fara pa ni ẹ̀jẹ̀ á ti dì.

Alexis Carrel, ará Faransé, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1902. Gún abẹ́rẹ́ síbi mẹ́ta létí iṣan, fa òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ohun tó rí roboto á di onígun mẹ́ta, etí rẹ̀ á tọ́ gbọọrọ, ó kù kí o rán an bí etí aṣọ. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣọnà sáṣọ ní Lyon ló ti kọ́ abẹ́rẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1912. (Ẹ bá mi sọ fún télọ̀ yín.)

Bí oníṣẹ́ abẹ náà bá tú ohun tó fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró, iṣan tó ti rọ jọwọrọ á kún, á máa mì. Ẹran tó ti ṣì á pọ́n padà. Ẹlòmíì á pàtẹ́wọ́. Èmi ò ní tíì pa á.

Ara eku mọ àlejò. Àwọn ọmọ ogun ara á ya bo mùdùnmúdùn inú eegun àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú oríkèé. Eegun rírọ̀ tó ń dún kèrékèré lẹ́nu wa ni wọn kì í tètè rí mú, torí ṣẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fara pamọ́.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù rèé: oníṣẹ́ abẹ náà á tún iṣẹ́ kan náà ṣe láàárín eku Lewis méjì, irú èyí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń gun ara wọn láti ìran dé ìran títí ara wọn fi di ọ̀kan. Bí tiwọn bá yè, tí èyí tó ti ara eku Brown Norway, ìran mìíràn, wá sì kú, ara ló kọ̀, ọwọ́ kọ́ ló ṣẹ̀. Bí méjèèjì bá kú, kó padà lọ kọ́ṣẹ́.

Oògùn ciclosporin máa ń pẹ̀tù sí ìjà náà. Bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ìjà tún dé. Ní 1996 ni àwọn dókítà ní Murnau, Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún ẹni tó ti kú sára alààyè, tòun ti oògùn. Kò sí ọ̀kan tó tọ́jọ́ nínú àwọn orúnkún náà.