Fọ́tò Kì í Wo Ẹ̀jẹ̀ Ríru Sàn

Akẹgbẹ́ mi kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lé ijó àti àṣà ìlò ara, ti gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí yógà gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àìsàn. Èdè inú ìwé náà dán, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló sọ níbẹ̀ tí kò yẹ ká fojú fò. Ó ní B.K.S. Iyengar ti ìlú Pune ní India ló kọ́kọ́ sọ yógà di ohun tí aláìsàn lè gbára lé. Ó tún ní àsánà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdúró ara nínú yógà, ló ní àrùn tirẹ̀ tó ń lé, bí ìgbà tí èèyàn bá tọ lẹ́kulẹ́ja lọ pé òun fẹ́ ra ewé ẹ̀fọ́rí, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún un. Àtẹ gígùn ló fi kádìí ìwé náà: àrùn lápá òsì, àsánà lápá ọ̀tún. Àtẹ yìí gan-an làwọn èèyàn ń dà kọ kiri báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ti ìtàn. Swami Kuvalayananda, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Jagannath Ganesh Gune, ló yẹ kí ìwé náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1924 ló dá ilé ìwádìí yógà Kaivalyadhama sílẹ̀ ní Lonavla, ìlú orí òkè kan láàárín Bombay sí Pune. Ọdún yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà rẹ̀, Yoga Mimamsa. Nígbà yẹn, Iyengar ò tíì ju ọmọ ọdún 5 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì tètè pariwo mọ́ mi: mo mọ̀ pé Shri Yogendra ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Bombay láti 1918, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà, Madhavdas ti Malsar, sì ni òun àti Kuvalayananda ti jáde. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀ kọ́ ni mò ń bá ẹnikẹ́ni jà lé lórí. Ìdí tí mo fi dúró ti Kuvalayananda ni pé ó gbé ẹ̀rọ síwájú yógà, ó ní kí ẹ̀rọ wí tẹnu rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣe pẹ̀lú nauli. Ẹni tó ń ṣe nauli á mí síta títí èémí á fi tán nínú rẹ̀, á fa ikùn wọlé sábẹ́ egungun ìhà, lẹ́yìn náà á jẹ́ kí iṣan àárín ikùn nìkan ta jáde bí ọ̀pá, á sì máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Ìran ńlá ni lójú òǹwòran, ó sì rọrùn kí alárìíwísí dúró síbi ìran yẹn, kó máa yin iṣan. Kuvalayananda ò dúró síbẹ̀. Ó fi X-ray wo inú ẹni tó ń ṣe é, ó sì fi ẹ̀rọ wọn agbára afẹ́fẹ́ nínú ìfun ńlá onítọ̀hún. Ó bá a pé agbára afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń wálẹ̀, ó máa ń rẹlẹ̀ ju ti ìta lọ. Báyìí ni ó ṣe yé wa bí ìfun àwọn yógì ṣe ń fa omi wọlé nígbà tí wọ́n bá jókòó sínú odò láti fọ inú wọn. Ó fi orúkọ Madhavdas, olùkọ́ rẹ̀, sọ òfìfo inú ìfun náà. Ọmọ-ẹ̀kọ́ tó bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ni, síbẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá láìwọ̀n ọ́n wò. Mélòó nínú wa ló lè ṣe méjèèjì pọ̀?

Òfìfo inú ìfun kì í ṣe ìwòsàn o. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ẹni tára rẹ̀ le ló fi hàn wá, àwọn kan sì ti sáré lórí ẹ̀rí yìí kọjá ibi tó lè gbé wọn dé. Síbẹ̀, ohun tó kọ́ wa nípa ọ̀nà lámèyítọ́ ló ṣe pàtàkì sí mi: ibi tí ojú ń wò kọ́ ni iṣẹ́ ti ń lọ.

Iyengar fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ibà, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló bá a fínra ní kékeré, kì í ṣe inú ìwé ló ti mọ ohun tí àìsàn jẹ́. Òótọ́ ni pé ìwé rẹ̀, Light on Yoga, tó jáde ní 1966, ní fọ́tò tó tó 600 nínú, ó sì ní àtẹ àrùn àti àsánà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni akẹgbẹ́ mi ti rí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí Iyengar ṣe ń tọ́jú aláìsàn ní Pune mọ̀ pé okùn ara ògiri, àga, ìrọ̀rí àti bẹ́líìtì ló fi ń ṣiṣẹ́, tí á máa sún wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí àsánà á fi bá ara ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mu. Àtẹ ò lè kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lọ kò tiẹ̀ ní títẹ̀ tàbí nínà kankan nínú. Ní 1975, Chandra Patel, dókítà ìdílé kan ní England, àti W.R.S. North gbé àyẹ̀wò kan jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet. Àwọn 34 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pín sọ́nà méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìdùbúlẹ̀ òkú, ìyẹn ṣavásánà: ẹ̀yìn nílẹ̀, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú ní pípadé. Wọ́n ń mí jẹ́jẹ́, wọ́n ń fi ọkàn wọn rìn yí ara ká, ibi tí wọ́n bá sì ti bá iṣan tó le, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára wọn tó ń dún. Bí ara ṣe ń rọ̀ ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Patel ò sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà parí síbi ibùsùn. Ó lo àmì pupa kékeré lára aago ọwọ́, kó lè jẹ́ pé bí aláìsàn bá fẹ́ wo aago, àmì yẹn á rán an létí kó kọ́kọ́ tú ara sílẹ̀.

Apá kejì ńkọ́? Àwọn náà ń wá sọ́dọ̀ dókítà bíi tàwọn yòókù, àwọn náà ń dùbúlẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n sinmi. Kìkì pé ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń sinmi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí wọ́n kọ́ wá láti 168/100 sí 141/84. Ti àwọn tó kàn dùbúlẹ̀ wá láti 169/101 sí 160/96. Nígbà tí wọ́n wá kọ́ àwọn wọ̀nyí náà, tiwọn náà já wálẹ̀ bá ti àwọn àkọ́kọ́.

Ẹ wá bá mi ya fọ́tò apá méjèèjì. Kí ni ẹ máa rí? Èèyàn tó sùn sẹ́yìn, tó pajú dé, àti èèyàn mìíràn tó sùn sẹ́yìn, tó pajú dé. Alárìíwísí tó ń fi ìrísí àsánà ṣe òṣùwọ̀n kò ní ohun kan láti sọ níbí yìí. Bẹ́ẹ̀, ibí yìí ni iṣẹ́ ọnà náà wà.

Àwọn tí kò gba yógà gbọ́ rárá ń dúró dè mí pẹ̀lú àyẹ̀wò ti Karen Sherman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 2011. Àwọn 228 tí ẹ̀yìn ń ro ni wọ́n pín: àwọn kan ṣe yógà fún ọ̀sẹ̀ 12, àwọn kan ń na iṣan lásán, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìwé kà. Yógà dára ju ìwé lọ, ṣùgbọ́n kò ju iṣan nínà lọ. Mo lè sọ pé yógà tí wọ́n lò, viniyoga, jáde láti inú ẹ̀kọ́ olùkọ́ yógà Krishnamacharya àti ọmọ rẹ̀ Desikachar, tó ní kí á rán ẹ̀kọ́ mọ́ ara akẹ́kọ̀ọ́ bí aṣọ, àti pé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n fún gbogbo èèyàn níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ní fi í ṣe ibi ìsádi. Ní ti ẹ̀yìn ríro, ó jọ pé kí èèyàn máa na ara ni ohun tó ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìgbà tí yógì bá dá sí i. Ohun tí mò ń jà fún kéré ju ti akẹgbẹ́ mi lọ: ìsinmi tí a kọ́ èèyàn, lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn 34 kò sì pọ̀.

Bí ìwé náà bá máa tún jáde, kí wọ́n yọ àtẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, pàápàá ibi tó ti ní kí ẹni tójú ń dùn máa fi orí dúró. Àwọn dókítà ojú ti wọ̀n ọ́n, ìfúnpá inú ẹyinjú máa ń tó ìlọ́po méjì nínú ìdúró yẹn, ẹni tó bá sì ní àìsàn ojú tó ń jẹ́ glaucoma ò gbọdọ̀ gbìyànjú rẹ̀ wò. Kí akẹgbẹ́ mi sì kọ ọ́ sójú ìwé kan náà pé dókítà ni Patel, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn èèyàn rẹ̀ lemọ́lemọ́, kò sí ẹni tó fúnra rẹ̀ da oògùn nù níbẹ̀. Kí wọ́n sì bá a tún “Ọ̀gbẹ́ni Patel” tó kọ ṣe. Obìnrin ni.