Ìwé Àìgbẹ̀fẹ̀ ní Parakou: Ìlànà Méjì Lórí Ewé Kan

Ẹni tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní èdè Yorùbá-Nàgó ní Parakou lè kọ iye àpò àgbàdo tí ẹgbẹ́ kó jọ; ó lè kọ orúkọ àwọn tí ó san owó àti ti àwọn tí ó jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan tàbí sí oníṣòwò ńlá, kálàmù a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì lọ bẹ akọ̀wé tí ó gbọ́ Faransé. Ìdí tí a sábà máa ń fún un ni pé èdè Nàgó kò ní ìlànà fún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ní àyẹ̀wò, nítorí pé bí ó bá jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kò lè kọjá inú ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ láé.

Kì í ṣe òtítọ́. Ìlànà kò wọ́n. Méjì ni ó wà, tí a sì ń pò wọ́n mọ́ra láìbéèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí ìlú náà ti wà ni ó fa èyí. Láti 1936 ni ojú irin tí ó ti Kútọnu bọ̀ ti parí sí Parakou. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti lọ sí Malanville àti ilẹ̀ Niger, tí òmíràn sì gba Nikki lọ sí ẹnubodè Nàìjíríà. Ìwé Faransé ti gúúsù gòkè wá. Ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà ti sọ di ti Yorùbá tí wọ́n sì ń pè ní lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, ti ìlà-oòrùn wọlé.

Ní ti Faransé, orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ń kọ̀wé wà lókè ní ọwọ́ òsì. Ti ẹni tí a ń kọ ọ́ sí wà nísàlẹ̀ díẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Orúkọ ìlú ni ó máa ń ṣáájú ọjọ́ tí a kọ ìwé. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì gan-an ni: ẹni tí ó ń kọ̀wé wà ní ọ̀tún, ẹni tí yóò gbà á wà ní òsì. Àwọn kan rò pé àṣà lásán ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tán. Àpòòwé tí ó ní fèrèsé tí àwọn ilé-iṣẹ́ Faransé ń lò ní fèrèsé tirẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, ti Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní òsì; bí a bá ká ewé náà, àdírẹ́sì ẹni tí yóò gbà á ni ó gbọ́dọ̀ yọ sí ojú fèrèsé. Ìwé tí ó kó àdírẹ́sì méjèèjì jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwọn kan tí ń ṣe àmúlùmálà ti ń ṣe é, kò bá fèrèsé kankan mu, ẹni tí ó sì ṣí i kò ní tètè mọ ẹni tí ó kọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí a kọ ọ́ sí.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìwé tí ń jáde ní Parakou ń lọ sí ọwọ́ àwọn tí ojú wọn ti mọ́ ìlànà Faransé, òun ni ó yẹ kí Nàgó Parakou gbà fún ìtò ojú ewé. Ìwé tí ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè tẹ̀lé ti Nàìjíríà. Èyíkéyìí tí a bá mú, kí a mú un délẹ̀.

Àdírẹ́sì fúnra rẹ̀ ni ibi tí àṣìṣe ti ń náni lówó jù. A kì í gbé ìwé kiri ojúlé ní Parakou bí a ti ń gbé e ní Paris. Inú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni a ń kó o sí, àmì B.P. pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ ìlú ni ó sì ń mú un débẹ̀. Kí a kọ orúkọ agbo ilé, kí a kọ pé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, kí a tún fi ọjà Arzèkè ṣe àmì, ó wúlò fún ẹni tí a rán fi ẹsẹ̀ rìn, kò wúlò fún ilé ìfìwéránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sàn kí a kọ̀wé sí ipò ju kí a kọ ọ́ sí orúkọ ènìyàn. Bí a bá gbé ọ̀gá náà lọ sí ìlú mìíràn, ìwé tí ó ní orúkọ rẹ̀ lè tẹ̀ lé e lọ, tàbí kí ó sùn sórí tábìlì láìṣí. Èyí tí a kọ sí ipò yóò bá ẹni tí ó jókòó sí àga náà. Ṣùgbọ́n ipò pàápàá a máa yí padà. Láti 1999 ni a ti pín ìpínlẹ̀ Borgou sí méjì, tí Kandi sì bọ́ sí Alibori. Lẹ́yìn ìdìbò ìbílẹ̀ 2002 sí 2003 sì ni olórí ìlú tí a dìbò yàn, tí Faransé ń pè ní maire, gba iṣẹ́ tí ẹni tí ìjọba rán wá ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń da àdírẹ́sì kọ láti inú fáìlì àtijọ́ ń kọ̀wé sí àga tí kò sí mọ́.

Ìkíni ni ó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ìtumọ̀ oníwóró ti ń ṣe èdè ní jàǹbá. Láti ara Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ìwé kíkà ilé-ìwé Nàìjíríà ti mú «Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n». Ó ti di bárakú lọ́hùn-ún, kò sì sí ìjà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàgó kan kò ní dúró níwájú ọ̀gá tí kò mọ̀ rí kí ó pè é ní ọ̀wọ́n. «Ọ̀gá Àgbà» tó. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, «Alájì» ni ará Parakou yóò pè é, kí ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé sí Alákétu tàbí sí Oníṣábẹ̀ kò ní ìkíni méjì ju «Kábíyèsí» lọ. Gbólóhùn kan, bí «Ẹ kú iṣẹ́ ìlú», lè tẹ̀ lé orúkọ oyè, kí ó má sì di ìdajì ojú ewé, nítorí pé ẹni tí ó ní ogójì ìwé láti kà kò ní dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìparí ìwé ni ó burú jù. Faransé a máa fi gbólóhùn gígùn kan parí ìwé, nínú èyí tí ó ti ń bẹ ọ̀gá pé kí ó gba ohun kan tí wọ́n ń pè ní sentiments distingués. Ẹni tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní wóró-wóró yóò kọ ọ́ pé: «Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gbẹ́ni Olùdarí, ẹ gba ìmọ̀lára mi tí ó yàtọ̀.» Yàtọ̀ sí kí ni? Àgbàlagbà tí a bá ka èyí sí létí yóò rò pé ẹni tí ó kọ̀wé ń bínú. «Èmi ni tiyín ní tòótọ́» ti Nàìjíríà sàn jù ú lọ nítorí pé ó kúrú. Síbẹ̀, «Ẹ ṣeun. A ń retí èsì yín» kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀wọ̀, «ẹ» àti «yín» ti gbé ọ̀wọ̀ náà tán.

Ẹni tí ó bá sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan gbólóhùn ìparí, kí ó yẹ fáìlì ìgbà ìjọba Kérékou wò. Lẹ́yìn tí ìjọba náà kéde ìlànà Marx àti Lenin ní 1974, «camarade» rọ́pò «monsieur», àwọn ìwé ìjọba sì ń parí pẹ̀lú igbe pé a ti ṣetán fún ìyípadà àti pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. A pa ìlànà yẹn tì ní Oṣù Kejìlá 1989, igbe náà sì bá a lọ. Kò sí ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ Faransé tọkàntọkàn ni ìlà tí wọ́n ń pè ní Objet. «Ọ̀rọ̀ nípa» dúró dáradára fún un. Ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá a máa yí ká kí ó tó bẹ̀bẹ̀, ìwà ọmọlúàbí sì ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ojú tí a lè wò kí a mọ̀ ibi tí ó ń lọ. Bí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan bá kọ «Ọ̀rọ̀ nípa: ìkíni àti ìbéèrè», kò tíì sọ nǹkan kan. «Ọ̀rọ̀ nípa: àpò ajílẹ̀ 40 fún oko òwú, kí ó tó di ìparí Oṣù Kẹfà» ti sọ ohun, iye àti ìgbà kí a tó ṣí ẹnu. Ìpínrọ̀ kìíní yóò tún un sọ ní gbólóhùn kíkún. Èkejì yóò sọ ìdí. Àwọn ìwé tí a so mọ́ ọn yóò wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú iye wọn. Bí ìwé náà bá ní láti gba ọwọ́ ọ̀gá kékeré kọjá sí ti ọ̀gá àgbà, kí a kọ «Nípasẹ̀» àti orúkọ ipò náà sí abẹ́ àdírẹ́sì.

Ní ti ìwé sí ìjọba, kí a má tan ara wa. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 Oṣù Kejìlá 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 11 rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn ní sísọ àti ní kíkọ. Ìwé Nàgó sí ọ́fíìsì ìjọba yóò nílò ẹ̀dà Faransé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ti kà á, wọn yóò ti bá a jiyàn, wọn yóò sì mọ ohun tí akọ̀wé ń fi orúkọ wọn béèrè. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn ni òfin kan ti wà ní Nàìjíríà tí ó pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí ara ìwé náà. Ó tọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ní Parakou sọ ọ́ di àṣà wọn láìdúró de òfin. Kí a sì gbé ẹ̀dà méjì dání bí a bá ń fi ọwọ́ gbé ìwé lọ, kí a gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ara èkejì, nítorí pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ ni a máa ń sọ pé kò dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Álífábẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 1975 lo ɛ àti ɔ níbi tí Nàìjíríà ti ń lo ẹ àti ọ. Oníṣòwò Ìlọrin yóò ka méjèèjì láìṣòro. Orúkọ ẹni kò rí bẹ́ẹ̀. Adéshínà ni ó tọ́ nínú ẹ̀kọ́ Nàgó, ṣùgbọ́n «Adéchina» lè jẹ́ èyí tí ó wà lára káàdì ìdánimọ̀, níwọ̀n bí àwọn akọ̀wé ìjọba ti kọ orúkọ Yorùbá ní ọ̀nà Faransé. Ilé ìfowópamọ́ kì í wo èyí tí ó tọ́ nínú ẹ̀kọ́. Káàdì ni wọ́n ń wò. Nínú ara ìwé, kí a kọ ọ́ bí èdè ti ń pè é. Lábẹ́ ìbuwọ́lùwé àti lẹ́yìn àpòòwé, kí a kọ ọ́ bí káàdì ti kọ ọ́.