Ohùn tí ó Sọnù: Àyẹ̀wò Bí Ètò Akàwé Ṣe Ń Ka Èdè Yorùbá Lójú Ìlà Àṣẹ Linux

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohùn tí iṣẹ́ yìí dá lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán bí kò ṣe ohùn gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ gírámà ṣe ń lò ó, ìyẹn ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. A fẹ́ yẹ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i wò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń ka ìwé Yorùbá sí etí ẹni tí kò ríran.

Inú kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkurú lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ó ń lo Linux ni ó fi ń kàwé, ètò kan a sì máa ka ohun tí ó bá wà lójú kọ̀ǹpútà náà sí i létí. Ètò akàwé ni a ó máa pe irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Gbólóhùn kan nínú àyọkà náà ni: 'Lójú àgbẹ̀, ọkọ́ dára ju ọkọ̀ lọ.' Akẹ́kọ̀ọ́ yìí nawọ́, ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, oko wo ni ó dára ju oko wo lọ?' Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó ní kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Òótọ́ ni ó sọ. Bákan náà ni ẹ̀rọ pe méjèèjì, bí ìgbà tí òyìnbó bá ń pe 'oko'.

Ìlà Àṣẹ àti Etí

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni kí a máa tọ́ka sí àwòrán kéékèèké. Èkejì ni kí a tẹ àṣẹ ní ọ̀rọ̀, kí ẹ̀rọ sì fi ọ̀rọ̀ dáhùn. Èyí ni a ń pè ní ìlà àṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ríran ti ka ojú dúdú yìí sí ohun àtijọ́. Lójú ẹni tí ó ń fi etí kàwé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò ṣàpèjúwe rẹ̀ kí etí tó lè jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò fẹ́ ju kí a kà á lọ.

Àwọn tí ó mọ èyí ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́. Ní 1995 ni T. V. Raman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, gbé Emacspeak jáde. Ọdún yẹn kan náà ni BRLTTY bẹ̀rẹ̀, èyí tí ń gbé ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà sórí pátákó Braille tí a ń fi ìka kà. Speakup, tí Kirk Reiser bẹ̀rẹ̀, ń gbé inú ọkàn Linux gan-an, nítorí náà ó lè máa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ń jí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé dáadáa: láti 2010 ni ó ti wà ní ẹ̀ka àwọn iṣẹ́ tí kò tíì pegedé, 2020 ni ó sì tó kúrò níbẹ̀, nínú Linux 5.9. Lílò rẹ̀ kò le. Lára àwọn bọ́tìnnì nọ́ńbà apá ọ̀tún, 8 ni ó ń ka ìlà tí a wà, 7 ń ka èyí tí ó ṣáájú, 9 ń ka èyí tí ó tẹ̀lé e. 5 ń ka ọ̀rọ̀ kan, 2 sì ń ka lẹ́tà kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Debian sórí kọ̀ǹpútà lè tẹ lẹ́tà s ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí ẹ̀rọ máa bá a sọ̀rọ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí, láìsí aríran kankan nítòsí.

A kò sọ pé kò ní àléébù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kà. Ẹni tí ó bá tẹ ls -l yóò gbọ́ lẹ́tà, ìlà kékeré, nọ́ńbà àti déètì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn bí òjò kí ó tó gbọ́ orúkọ fáìlì tí ó ń wá. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi ń lo ls -1, tí ń to orúkọ sí ìlà kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi head gé ìdáhùn gígùn kúrú. Wọ́n ti mọ̀ pé etí kì í fò kọjá bí ojú.

Dùndún àti Ẹ̀rọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa ni mo fẹ́ dúró sí. Ìlù dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ní, síbẹ̀ ọba a máa mọ ìgbà tí àyàn bá ń kì í. (Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń gbọ́ ìlù, oríkì àti òwe tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sì ń ran etí lọ́wọ́ jù.) Ètò akàwé ni òdìkejì dùndún. Kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn ni kò sí. Bí a bá fi méjèèjì wé ara wọn, igi tí a fi awọ bò súnmọ́ èdè Yorùbá ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Ohùn tí ọ̀pọ̀ ètò akàwé lórí Linux ń lò ni ti eSpeak, iṣẹ́ Jonathan Duddington, tí Reece Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá lọ lábẹ́ orúkọ eSpeak NG láti 2015. Nínú ẹ̀dà 1.51 tí ó jáde ní 2022, èdè Swahili wà níbẹ̀, Setswana, Oromo àti Amharic náà wà. Yorùbá kò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní láti fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá. Nítorí náà kò tọ̀nà kí a sọ pé ẹ̀rọ ń kà á láìsí ohùn. Ohùn àjèjì ni ó ń fi sí i: sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì bá tẹnu mọ́ a ga, èyí tí ó kù a wálẹ̀. 'P' tiwa a di 'p' tiwọn. Nígbà tí a bá sì ń lọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ẹ̀rọ a fo lẹ́tà tí ó ní àmì, nígbà mìíràn a ka nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

Ẹnìkan lè sọ pé èdè olóhùn ni ó le fún ẹ̀rọ. N kò gbà. Vietnamese, Mandarin àti Cantonese, tí gbogbo wọn jẹ́ èdè olóhùn, wà nínú eSpeak NG. Àkọtọ́ tiwa, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974, súnmọ́ bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì. Àwọn òfin kíkà tí eSpeak NG ń lò fún èdè kọ̀ọ̀kan kì í ṣe awo; fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí kí ó sì kọ nǹkan sí. Ẹni tí ó mọ fonọ́lọ́jì Yorùbá ni iṣẹ́ náà ń wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n ní ẹ̀ka wa.

Ọwọ́ Tiwa Ńkọ́?

Ẹ̀bi kò pin sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ. Mo padà ṣí àwọn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ojú sì tì mí. Àwọn kan kò ní àmì ohùn rárá. Àwọn kan ni a fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, irú èyí tí ń ya 'ẹ' sórí kóòdù àmì mìíràn. Ojú rí ẹ, ẹ̀rọ rí nǹkan tí kò jọ ọ́. Bí ohùn Yorùbá tilẹ̀ dé lọ́la, kí ni yóò rí kà nínú wọn?

Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Nínú Unicode, kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún 'ọ̀'. A lè tẹ 'ọ' kí a tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, a sì lè tẹ 'ò' kí a tó fi àmì kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni lójú, ó yàtọ̀ nínú ikùn kọ̀ǹpútà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo grep láti wá 'ọkọ̀' nínú ìwé tí olùkọ́ mìíràn tẹ̀ ní ọ̀nà kejì, grep kò ní dáhùn. Aríran yóò wo ojú ìwé, yóò rí ọ̀rọ̀ náà, yóò sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó ṣì í. Afọ́jú yóò gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ yìí nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan kò jẹ yọ nínú ìwé tí ó yẹ̀ wò, mo sì gé máàkì rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí ó fà á. Mo ti dá máàkì náà padà.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ 'ọ̀', àti 'ẹ̀', mo sì ti bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí a jọ mú un. Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin kíkà Yorùbá fún eSpeak NG. Kì í ṣe 'gb' tàbí 'p' ni ó fún wa ní ìyọnu jù, 'n' ni: ìgbà wo ni ó ń ran fáwẹ̀lì ní imú bí i ti 'ọ̀gán', ìgbà wo ni ó dá dúró bí sílébù bí i ti 'òǹkọ̀wé'? Àmì orí rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, ìyẹn bí òǹkọ̀wé bá fi sí i. Òun ni ó ń gbọ́, èmi ni mo ń ṣe àtúnṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ọkọ́ àti ọkọ̀ kọ́kọ́ jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.