Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ogún Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Àwọn Onílé

Bí a bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ogún ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sí, ohun tí a sábà máa ń kà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe, àwòrán tó pàtẹ, àti èrò tó kó káàkiri ibi ìtàn. Gbogbo ìwọ̀nyí dára. Èrò tiwa ni pé wọn kò tó òṣùwọ̀n. Ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí: kí ni ó wà láàárín yín àti àwọn tó ni ilé? Ìlú Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé a rí àṣeyọrí níbẹ̀, a sì rí ìjákulẹ̀.

Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó ni ibùgbé àwọn tó jẹ ìyà oko ẹrú ní Bràsíl tí wọ́n sì padà sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Yorùbá pọ̀ jọjọ nínú wọn. Wọ́n ní bíríkìlà, wọ́n sì ní káfíńtà tó mọṣẹ́ dunjú. Ọwọ́ wọn ni Èkó ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ Àgùdà kan ni, João Baptista da Costa.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé irú èyí ni Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez ni ó kọ́ ọ ní 1855, tí wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ìdílé Ọláìyá ni ó rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìrántí fún orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi jẹ́ orúkọ yẹn kí katakata tó wó o palẹ̀ ní oṣù Sẹ́tẹ̀ńbà 2016. Àwọn kan lè pa á lówe pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ilé alájà mẹ́wàá lè dìde lórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó o.

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru onílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú tirẹ̀ wò ó. Ilẹ̀ Erékùṣù Èkó wọ́n bí ojú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ilé ìdílé, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ jọ ni ín. Òrùlé ń jò, ikán ń jẹ igi àjà. Ìkéde ìjọba ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé. Ṣùgbọ́n ìkéde kì í ṣe páànù, kì í sì í ṣe owó iṣẹ́ káfíńtà. Oyè tí kò ní oúnjẹ nínú ni.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Ní 1995 ni ẹgbẹ́ Legacy dé, tí àwọn ayàwòrán-ilé àti olólùfẹ́ ìtàn wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ wọn tó gbajúmọ̀ ni Jaekel House ní ọgbà Rélùwéè, Èbúté Mẹ́ta, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898. Wọ́n tún un ṣe, ó sì di ibi tí a ti ń wo ìtàn rélùwéè ilẹ̀ wa. A gbóríyìn fún wọn. Síbẹ̀, kí a má ṣe gbàgbé pé onílé kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ Rélùwéè. Kò sí mọ̀lẹ́bí tó ń bára wọn jà sí ìpín. Pópó Àgùdà ni ìdánwò gidi wà.

Ní ti àjọ̀dún, inú wa dùn sí eré Fàńtì tí àwọn ọmọ Àgùdà ń ṣe ní àsìkò Àjíǹde. Ó ń jẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ̀ pé òun ní ìran tí ó lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n eré lè ṣí kúrò níbìkan lọ síbòmíràn; ilé kò lè rìn. Bí ilé bá wó tán, ijó yóò kù, àdúgbò tó bí i yóò sì di ìtàn àgbọ́sọ.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kó owó jọ fún òrùlé ṣáájú owó àpèjẹ. Kí owó tí àlejò bá san láti wo ilé dé ọwọ́ àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n gba oríkì àti ìtàn ilé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, ní èdè tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ pátákó ìrántí ilẹ̀ wa ń sọ. Ìyá àgbà tí ilé jẹ́ ilé bàbá rẹ̀ lè má lè ka ohun tí wọ́n kàn mọ́ ògiri rẹ̀.

Nígbà tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pe ìpàdé ọdún rẹ̀, kí ó wo àga iwájú. Bí kò bá sí ọmọ onílé níbẹ̀, àlejò lásán ni ó ń jókòó lé ogún ológún lórí.