Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọmọ Lórúkọ: Lámèyítọ́ lórí Máàpù Ewu Fáírọ́ọ̀sì Zika

Ìfáàrà

Ní ọdún 2016, nígbà tí Zika ń jà ní Brazil, Bogoch àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde nínú jọ́nà The Lancet Infectious Diseases. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí fáírọ́ọ̀sì náà lè gbà dé Áfíríkà àti Éṣíà, àti ibi tí yóò ti ráyè ràn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní ewu náà pọ̀ sí jù. Nínú pépà yìí, a yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà ya máàpù náà wò. Èrò wa ni pé ó wúlò, ṣùgbọ́n ó pe onílé ní àlejò.

Bí wọ́n ṣe yà á

Wọ́n ka iye èrò ọkọ̀ òfurufú tó ń ti ibi tí Zika wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà bọ̀. Wọ́n wo ibi tí ojú ọjọ́ ti gba ẹ̀fọn Aedes, èyí tó ń jẹni lọ́sàn-án, tó sì ń yé ẹyin sínú ìkòkò omi, agolo àti táyà àlòkù. Wọ́n wá ka iye ènìyàn tó ń gbé níbẹ̀: bílíọ̀nù 2.6.

Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ní 2015, Zika bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní erékùṣù Cape Verde. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú èyí tó wà ní Brazil ni.

Ohun tí ó fojú fò

Àkọ́kọ́ ni ìtàn. Áfíríkà ni Zika ti wá: igbó Zika ní Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1947, lára ọ̀bọ. Ní 1979, Fagbami tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láàárín 1971 sí 1975, ó rí fáírọ́ọ̀sì náà lára ènìyàn méjì tí ibà díẹ̀ ń ṣe. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì pé Zika ti wọ ara wọn rí.

Àwọn kan lè sọ pé irú ti Brazil yàtọ̀ sí ti Áfíríkà, àti pé àmì Zika àti ti ibà pọ́njú jọra nínú ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ìbéèrè tó ṣe kókó nìyẹn: ǹjẹ́ ẹni tí ti Áfíríkà ti mú rí lè bọ́ lọ́wọ́ ti Brazil? Máàpù náà kò fi èyí kún ìṣirò rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni ó fi kun ẹni tó ti ní in rí àti ẹni tí kò ní in rí.

Èkejì ni ọ̀nà ilẹ̀. Ẹni tó wọ mọ́tò láti Kútọnu gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé kò sí nínú ìwé èrò ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ̀kẹta kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Ibà ni Yorùbá ń pe gbogbo ara gbígbóná bẹ́ẹ̀. Aláìsàn yóò ra oògùn máláríà ní kẹ́mísìtì, ara rẹ̀ yóò balẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ohun tí a kò yẹ̀ wò kì í dé inú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé kì í dé orí máàpù.

Ewu tó wà níbẹ̀

Bí Zika bá mú aláboyún, ó lè bí ọmọ tí orí rẹ̀ kéré ju bó ti yẹ lọ, tí ọpọlọ rẹ̀ kò sì pé. Bí ìjọba bá tìtorí máàpù kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ta ni yóò ṣọ́ aláboyún tí ẹ̀fọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń jẹ?

Ìkádìí

A dábàá pé kí àwọn tó ń ya máàpù ka ìwádìí àtijọ́ tí a ṣe nílé mọ́ ẹ̀rí wọn. Kí ilé ìwòsàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláboyún tí ibà rẹ̀ kì í ṣe máláríà wò síwájú sí i. Kí àwa olùkọ́ èdè sì wá orúkọ tí yóò ya àwọn ibà wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí a sì fi kọ́ àwọn tó ń lọ di olùkọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ kí a wò kí a tó kun máàpù.