Ẹ̀rí Òkú, Ẹ̀rí Ilẹ̀: Àyẹ̀wò The Five ti Hallie Rubenhold

Bí a bá ń wá apànìyàn tí a kò mọ̀, ohun méjì ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fi ń fòye mọ irú ẹni tí ó jẹ́: ìgbésí ayé ẹni tí a pa àti ibi tí a ti pa á. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá mú ọ̀kan, tí a fi èkejì sílẹ̀?

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1888, lẹ́yìn tí a ti pa obìnrin márùn-ún ní Whitechapel àti àyíká rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà Thomas Bond kọ ìròyìn kan fún àwọn ọlọ́pàá. Òkú ẹnìkan ṣoṣo ni ó fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ ni ó kà nípa mẹ́rin yòókù. Ó ní ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí a pa wọ́n. Ó tún ní apànìyàn náà yóò jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí ó ń múra dáadáa. Ọgbẹ́ wo ni ó ń sọ irú aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀?

Ní ọdún 2019, Rubenhold gba ọ̀nà kejì. Ìdílé, ìgbéyàwó àti iṣẹ́ àwọn obìnrin náà ni ó tọpa. Ó ní kò sí ẹ̀rí gidi pé aṣẹ́wó ni Nichols, Chapman àti Eddowes. Àìlówó ibùsùn ni ó lé Nichols àti Chapman sí ìgboro lóru. Lójú tirẹ̀, ojú oorun ni a ti pa púpọ̀ nínú wọn. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, àwòrán oníbàárà tí ó ń tan aṣẹ́wó lọ sí kọ̀rọ̀ wó lulẹ̀.

Síbẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ṣàpèjúwe bí a ṣe pa wọ́n. Ọ̀wọ̀ ni èyí jẹ́ fún òkú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí tí ó lè gbè é lẹ́sẹ̀ wà. Ìdùbúlẹ̀ nìkan kì í ṣe oorun. Ìtàn obìnrin tí kò rí ibi sùn ni ó lè so méjèèjì pọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Àwa tí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Yorùbá jẹ lógún náà ní ẹ̀kọ́ kọ́. Kọ́lá Akínlàdé pe ìwé rẹ̀ kan ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ojú wa sábà máa ń wà lára "ta ló pa". Ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ bèèrè ta ni ọmọ ọba náà.