Jagunjagun Inú Ààtàn: Ọkùnrin Tó Fi Táyà Kọ́lé Sí Aṣálẹ̀

Ìró tí kò kúrò létí mi lẹ́yìn tí mo wo fíìmù yìí tán ni ìró òòlù. Gbì! Gbì! Gbì! Ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ gùn, tó sì ti hewú, ń fi òòlù irin ki yẹ̀pẹ̀ mọ́ inú táyà mọ́tò nínú oòrùn. Bí ẹ bá rí i lójú títì ní Mushin, ẹ ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ tètè wá wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ni o! Michael Reynolds lorúkọ rẹ̀, ayàwòrán ilé ni, ó sì gboyè ní Yunifásítì Cincinnati ní 1969. Taos ló ti ń lu táyà yìí, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, l'Amẹ́ríkà. Orúkọ fíìmù náà ni Garbage Warrior, ìyẹn ni pé Jagunjagun Inú Ààtàn. Oliver Hodge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é, ó sì jáde ní 2007. Kì í ṣe fíìmù tuntun, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kì í gbó lọ́dọ̀ tiwa. Ẹni tó ń sanwó ilé l'Ékòó mọ ohun tí mò ń wí.

Taos kì í ṣe aṣálẹ̀ oníyanrìn bíi Sàhárà tí a máa ń rí nínú àwòrán. Ilẹ̀ gíga ni, ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7,000 ga ju òkun lọ. Igi kò pọ̀ níbẹ̀, òjò àti yìnyín tí ń bọ́ lọ́dún kan kò sì ju nǹkan bí íǹsì 12 lọ. Òru ìgbà òtútù ibẹ̀ a máa mú kí omi dì gbagidi. Níbẹ̀ ni Reynolds lọ tẹ̀dó sí. Ó gbọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣàn pé agolo bíà ń kún ojú ọ̀nà, pé igi ìkọ́lé sì ń tán lọ nínú igbó, ló bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ó fi wáyà di agolo pọ̀ bíi bíríkì, ó sì fi kọ́lé ní 1972. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí táyà. Ó pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Earthship, ọkọ̀ ojú ilẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ilé lè dá dúró bí ọkọ̀ tó wà láàárín agbami: kò so mọ́ wáyà iná ẹnikẹ́ni, kò so mọ́ páìpù omi ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yìí ti dùn mọ́ mi. Wọ́n á tẹ́ táyà àlòkù sílẹ̀ ní ìlà, wọ́n á fi páálí dí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan á máa fi ṣọ́bìrì da yẹ̀pẹ̀ sí i, ẹnì kejì á máa fi òòlù kì í, títí táyà á fi wú bí ikùn ẹni tó yó iyán. Bó bá kún tán, ìwọ̀n rẹ̀ á tó nǹkan bí pọ́ùn 300. Kò sẹ́ni tó lè gbé e mọ́, nítorí náà ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó dúró sí ni wọ́n ti ń kì í. Wọ́n á to òmíràn lé e bí a ti ń to búlọ́ọ̀kù, kí àárín tòkè lè bọ́ sórí ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé. Wọ́n á wọ́ yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀yìn ògiri náà ní apá àríwá, wọ́n á sì fi gíláàsì ṣe iwájú ilé tó kọjú sí gúúsù. Àwọn ògiri kéékèèké inú ilé, tí kò gbé òrùlé dúró, agolo àti ìgò ni wọ́n ń fi sìmẹ́ǹtì tò pọ̀. Bí oòrùn bá gba inú ìgò wọ̀nyẹn wọlé, ilé á dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Nígbà òtútù, oòrùn ibẹ̀ kì í gun àárín orí. Ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run ní apá gúúsù ló ń gbà kọjá, nítorí náà ó ń gba gíláàsì wọlé tààrà, á sì máa yá ògiri àti ilẹ̀ ilé lára láti àárọ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, ògiri á máa dá ooru náà padà díẹ̀díẹ̀. Iná ń wá láti ara oòrùn bákan náà. Omi ńkọ́? Òrùlé ló ń gba òjò àti yìnyín sínú táńkì, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni wọ́n ń lo omi kan náà. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á mu ún, wọ́n á fi wẹ̀. Omi ìwẹ̀ á ṣàn lọ sídìí ohun ọ̀gbìn tó wà nínú ilé. Èyí tó bá ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń ṣan ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ti ìgbẹ̀yìn á sì lọ bọ́ igi tó wà níta. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so nínú ilé bẹ́ẹ̀, ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́! Àwa tí òjò ń pa láti oṣù Kẹta, tí a ṣì ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, ẹ jẹ́ ká dákẹ́ ná.

Hodge kò kánjú rárá. Ọdún mẹ́ta ló fi tẹ̀ lé ọkùnrin yìí kiri, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. A rí ẹrẹ̀, a rí òógùn, a rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bú èébú tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kò fi orin dídùn bo làálàá náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ilé ààtàn jẹ́ ilé ọ̀fẹ́, kó wo apá àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn.

Ìjọba ni ọ̀tá nínú ìtàn yìí. Òfin ìkọ́lé kò mọ ilé táyà, kò mọ ilé tí kò ní páìpù omi ìjọba. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn aláṣẹ dá iṣẹ́ dúró lórí ilẹ̀ tí Reynolds àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ́ ìletò sí. Láyísẹ́ńsì rẹ̀ náà sì lọ.

Ibí yìí ni èmi àti olùṣe fíìmù ti ní ọ̀rọ̀ láti bára wa sọ. Kí ló gbé láyísẹ́ńsì lọ? Ṣé pé aláṣẹ kórìíra táyà nìkan ni? Rárá o. Àwọn kan fowó sílẹ̀ fún Reynolds, òrùlé wọn ń jò, inú ilé àwọn mìíràn kò sì rí bí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn. Ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà. Reynolds fúnra rẹ̀ kò sẹ́ ẹ. Ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ nǹkan tuntun láìṣàṣìṣe, pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ tóun ti lè ṣàṣìṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ta ni a ó fi ṣe àṣìṣe náà? Èmi náà ti gbé ilé tó ń jò rí. Mo ti fi ike mẹ́ta gba omi lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, mo mọ̀ pé ẹni tó bá wà lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ kì í ronú nípa ìlọsíwájú ọmọ aráyé. Àwọn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí n jókòó sí pálọ̀ wọn, kí n rí ibi tí omi ti ń kán. Ohùn wọn kò tó nǹkan nínú fíìmù yìí. Olùṣe fíìmù ti fẹ́ràn akọni rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í ṣeé dá.

Síbẹ̀, mi ò lè parọ́, apá tí wọ́n ti lọ sí erékùṣù Andaman ní Íńdíà gbà mí lọ́kàn. Oṣù Kejìlá 2004 ni òkun ru wọ ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbá ilé, ó gbá èèyàn, ó sì da iyọ̀ sí kànga. Reynolds àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó òòlù wọn dé. Láàárín ọjọ́ péréte, pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀, wọ́n fi táyà, ọparun àti ìgò kọ́ ilé tó ń gba omi òjò mímu. Àwọn tí omi mímu wọn ti di omi iyọ̀ kò béèrè bóyá ògiri náà bá òfin mu. Ọkùnrin tí wọ́n gba láyísẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀ nílé wá di ẹni ẹ̀yẹ lẹ́yìn odi.

Apá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Santa Fe ló ṣe mí ní kàyéfì jù. Reynolds oníyẹ̀pẹ̀ wọ aṣọ ìmúròde, ó ń bá àwọn olóṣèlú bọwọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹ́ òfin tí yóò fún àwọn akọ́lé ní ilẹ̀ ìdánwò. Wọ́n ní ó kú iṣẹ́, wọ́n ní àwọn á rí sí i. Sáà ìjókòó ń parí lọ, ìwé rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó rí ní sẹkitéríàtì tí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ ó mọ ojú tí ọkùnrin náà ń wò. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀, òfin náà kọjá ní 2007, láyísẹ́ńsì rẹ̀ sì padà bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kò sí nínú fíìmù. Ìletò Taos ti di ibi ìgbafẹ́, wọ́n ń fi àwọn ilé kan háyà fún àlejò lálaalẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ṣẹ́ táyà lílù á sanwó ilé-ẹ̀kọ́. Gíláàsì, sìmẹ́ǹtì, bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, kò séyìí tó wá láti inú ààtàn nínú wọn. Àwọn tó bá ra irú ilé náà tuntun kì í ṣe tálákà.

Àwa ńkọ́? Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa, ilé baba ńlá wa kò gbóná bíi búlọ́ọ̀kù tí a fi páànù bò. Ní Yelwa, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò oníke tí wọ́n ki iyanrìn sí kọ́lé ní 2011. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kàn sáré lọ kó ilé Taos wá sí Ìkòròdú. Ògiri tó ń tọ́jú ooru di alẹ́ wúlò níbi tí òru ti ń dì. L'Ékòó, ta ló ń wá ooru lóru? Táyà tí a kò kì dáadáa á sì gba omi òjò, ẹ̀fọn á fi í ṣe ilé.

Mo tilẹ̀ tọ fọkanáísà tó wà ní ẹ̀bá ilé wa lọ ní ọjọ́ kejì tí mo wo fíìmù náà. Mo ní táyà tó tò sílẹ̀ yìí, ṣé ó lè fún mi ní bíi mélòó kan kí n fi dán nǹkan wò. Ó ní àwọn tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n ṣì ń lọ sábẹ́ mọ́tò. Àwọn tápá òsì, àwọn oníPọ̀nmọ́ ló ń wá kó wọn fún iná. Mo ní mo fẹ́ fi kọ́lé ni. Ó wò mí títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mi, mélòó lẹ fẹ́ kó, kí n lè mọ iye tí mo máa pè é fún yín."